Bàbá Àgbà Tó Ń Fi Eyín Gbọ́rọ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé àjẹ̀ tí mo fi ń wakọ̀ ga jù mí lọ, orí omi ni ilé wa wà. Kì í ṣe etí omi o, orí omi gan-an ni mo wí. Igi la rì mọ́ inú ẹrẹ̀, a tẹ́ pákó lé igi, a kọ́lé lé pákó, a sì ń sùn, à ń jí níbẹ̀ láìbẹ̀rù. Tí ẹ bá wakọ̀ láti Òde Ugbò tí ẹ kọrí sí ọ̀nà òkun nígbà náà, ẹ ó rí abúlé wa lẹ́yìn igbó ẹ̀gbà, igi inú ẹrẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń yọ sókè omi, níbi tí omi odò àti omi iyọ̀ ti ń pàdé. Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ báyìí, nítorí òkun ti mú un lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ̀ ń fi ẹ̀rọ wo ibi tí ẹja wà, ìtàn ọkùnrin kan tó ń fi eyín gbọ́rọ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ lè rẹ́rìn-ín bí ó bá wù yín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tó ṣẹlẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Ọkùnrin náà ni bàbá tó bí màmá mi. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é, ilé rẹ̀ sì ni èmi àti màmá mi ń gbé.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹja máa ń pariwo? Ẹni tó jẹ́ pé inú ọbẹ̀ nìkan ló ti ń rí ẹja ló máa rò pé ẹja ò lóhùn. Kúrókà tí ẹ̀ ń rà lọ́jà yẹn, aláriwo gbáà ni. Àpò afẹ́fẹ́ kan wà nínú ikùn rẹ̀, ẹran tó wà lára àpò náà ló máa ń gbọ̀n, tí àpò á sì máa dún kù-kù-kù, kù-kù-kù, bí ẹni ń fi ọmọ ìka lu igbá. Tí wọ́n bá pọ̀ lójú kan, wọn á máa pariwo bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n abẹ́ omi ni ariwo wọn máa ń mọ. Ẹ lè jókòó sínú ọkọ̀ lórí wọn gẹ́lẹ́, kí ẹ má gbọ́ nǹkan kan.

Àwọn bàbá wa ti mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbọ́ ọ tipẹ́. Wọ́n á ti apá àjẹ̀ tó fẹ̀ bọ inú omi, wọ́n á gbé etí lé orí rẹ̀, níbi tí ọwọ́ máa ń dì mú. Igi àjẹ̀ yẹn ló máa gbé ohùn ẹja láti inú omi wá sí etí wọn. Tí wọ́n bá ń yí àjẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá kọjú sí nígbà tí ariwo le jù, ibẹ̀ ni ẹja wà. Gbogbo apẹja ló ń gbìyànjú ẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá ni ọ̀gá wọn. Ó máa ń gbọ́ bóyá wọ́n pọ̀, á gbọ́ bóyá wọ́n ń lọ tàbí wọ́n dúró sójú kan. Àwọn kan tiẹ̀ ní ó máa ń gbọ́ èyí tó sanra yàtọ̀ sí èyí tó rù. Ìyẹn ni èmi ò lè búra sí.

Òfin kan wà lórí omi wa tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Tí Bàbá bá ti gbé àjẹ̀ bomi, tó wá na ọwọ́ ọ̀tún sókè, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mira. Gbogbo ọkọ̀ tó bá a jáde á dá àjẹ̀ dúró. Ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu á ki ojú bọ abẹ́ aṣọ. Màmá mi ní ẹ̀fọn jẹ òun lójú lọ́jọ́ kan tí òun kò pa á, òun kàn ń wò ó títí ó fi yó. Ibi tí Bàbá bá sì wá nàka sí, ibẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ á lọ, a kì í bi í léèrè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí sọ́kàn o, ó ń bọ̀ wá wúlò.

Nígbà òjò kan, etí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún. Ọ̀kan ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e. Wọ́n wakọ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ọyún náà sì gbẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò fi máa dá, Bàbá ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. A ó pè é láti ẹ̀yìn, kò ní í wẹ̀yìn. Ó wọ inú ọkọ̀, ó gbé etí lé àjẹ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbé etí kejì lé e. Nígbà tó gòkè padà, ó sọ fún màmá mi pé omi ti yadi.

Mo fẹ́ràn Bàbá ju oúnjẹ lọ, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, èmi tí mo fẹ́ràn oúnjẹ gan-an. Òun ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà. Kí etí rẹ̀ tó di, tí mo bá ti dé láti ilé ìwé, màá jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, màá máa ro ẹjọ́ gbogbo ẹni tó bá mi jà àti gbogbo ohun tí tíṣà wí. Òun á máa tún àwọ̀n ṣe, á máa ní, “Ẹn-ẹ́n, lẹ́yìn náà ńkọ́?” Nígbà tí etí rẹ̀ di tán, mo ṣì ń jókòó tì í, mo ṣì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló kàn ń wò, á sì máa rẹ́rìn-ín síbi tí kò sí ẹ̀rín. Nígbà tó yá, mo dákẹ́. Ó dùn mí ju kí n sunkún lọ.

Wàhálà tó wá le jù ni ti ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Wọ́n ti ń pọ̀ lórí omi wa nígbà náà, eré ni wọ́n sì ń sá. Àwa tí a wà nínú ọkọ̀ kékeré máa ń gbọ́ wọn lókèèrè, a ó yà sí abẹ́ ẹ̀gbà, a ó di gbòǹgbò mú títí wọ́n á fi kọjá. Bàbá ò lè gbọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan tí òun nìkan jáde, ọ̀kan tó kó pákó yọ lẹ́yìn rẹ̀, díẹ̀ báyìí ló kù kó gùn ún mọ́lẹ̀. Ìgbì rẹ̀ ló da Bàbá àti ọkọ̀ rẹ̀ sódò.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin, tó ń gbé ní Òkìtìpupa, gbọ́ ọ, ó sì wá. Èèyàn dáadáa ni, kò ní ibi nínú rárá. Ó ní Bàbá ò lè gbé orí omi mọ́, pé kó wá máa bá òun gbé lókè, níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ wà. Màmá mi sunkún, ṣùgbọ́n ó gbà. Ta ló fẹ́ kí ọkọ̀ gun bàbá òun mọ́lẹ̀? Wọ́n fẹnu kò sí i pé tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bá ti kọjá, ẹ̀gbọ́n á wá mú un lọ. Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kàn jókòó, ó ń wo omi. Èmi ni mi ò lè jẹun.

Lọ́jọ́ Sátidé kan kí ìkórè tó dé, èmi àti Bàbá lọ kó àwọ̀n tí ó dẹ sí ẹnu odò. Wọn ò jẹ́ kó dá jáde mọ́, èmi ni mò ń bá a gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ti kó àwọ̀n rí mọ̀ pé ọwọ́ méjì kì í tó. Nítorí náà, àwọn apẹja wa máa ń fi eyín mú orí àjẹ̀, tí apá kejì á wà nínú omi, kí ọwọ́ lè ráyè fa àwọ̀n, kí àjẹ̀ má sì ṣàn lọ. Bàbá ń ṣe é láti kékeré, kò tiẹ̀ ronú sí i mọ́. Ó fi eyín mú àjẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọ̀n. Lójijì, ó dúró.

Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè.

Láti ìgbà òjò, mi ò rí ọwọ́ yẹn lókè. Mo dákẹ́, mi ò mí. Bàbá yọ àjẹ̀ lẹ́nu, ó wò ó. Ó tún fi eyín mú un, ó di ojú. Nígbà tó máa la ojú, omi ti kún un.

“Wọ́n wà ńbẹ̀!” Pẹ̀lú àjẹ̀ lẹ́nu ló fi ń sọ ọ́, itọ́ sì ń dà sí i lágbọ̀n. “Ọma mi, wọ́n wà ńbẹ̀! Wọ́n ń sọ̀rọ̀!”

Ọma ni àwa Ìlàjẹ ń pe ọmọ. Mo rò pé orí Bàbá ti dàrú. Mo na ọwọ́, mo fi ìka kan àárín àjẹ̀ náà, kọ̀-kọ̀. Bàbá fi ìka tiẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kọ̀-kọ̀. Mo dúró díẹ̀, mo fi ọwọ́ kan bo ojú rẹ̀ kó má baà rí ìkejì, mo tún kàn án, kọ̀-kọ̀-kọ̀. Ó dá a padà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ mi lóhun tí mo ṣe tẹ̀ lé e. Mo tẹ̀ síwájú, mo tẹ àgbọ̀n mi mọ́ igi àjẹ̀ náà, mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?”

Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí mi.

“Ohùn rẹ ti dàgbà,” ó wí.

A gbàgbé àwọ̀n. Ẹja mélòó kan rí ọ̀nà sá lọ, Ọlọ́run ló kó wọn yọ. Gbogbo ẹjọ́ tí mo ti kó sínú láti ìgbà òjò ni mo tú jáde, àgbọ̀n mi lórí igi, eyín rẹ̀ lórí igi, àwa méjèèjì dojú kọ ara wa bí ewúrẹ́ tó fẹ́ kàn. Tí mo bá ti sinmi, á ní, “Ẹn-ẹ́n, lẹ́yìn náà ńkọ́?” Inú mi dùn débi pé ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí lórí omi níbẹ̀.

Nígbà tí a délé, màmá mi ò gbà wá gbọ́. Orógùn tó fi ń ro pupurú ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá gba orí kan fi sẹ́nu, mo ní kí màmá mi gbé àgbọ̀n lé orí kejì. Ó bínú gbé e lé e, ó ní, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ fi orógùn mi sílẹ̀.” Bàbá ní, “Mi ò fi í sílẹ̀.” Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, pupurú sì ń jó. Láti ọjọ́ náà, orógùn wa di tẹlifóònù abúlé. Àwọn èèyàn ń wakọ̀ wá gbé àgbọ̀n lé e kí wọ́n lè kí Bàbá. Ìyá arúgbó kan tó fẹ́ràn ẹjọ́ gbé àgbọ̀n lé e títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, Bàbá fúnra rẹ̀ ló yọ igi lẹ́nu tó díbọ́n pé òun ò gbọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n ìkórè kọjá, ẹ̀gbọ́n màmá mi sì dé gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Ó bá Bàbá pẹ̀lú orógùn lẹ́nu. “Ẹ rí i báyìí?” ó sọ fún màmá mi. “Bàbá ti ń jẹ igi.” A ṣàlàyé títí. Òun náà gbé àgbọ̀n lé e, ó sì rí i pé òótọ́ ni, inú rẹ̀ sì dùn. Ó wá mi orí. “Ó dáa, ó ń gbọ́ ẹni tó bá gbé àgbọ̀n lé igi. Ṣé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì náà á gbé àgbọ̀n lé igi kó tó kọ lù ú?”

Wọ́n di ẹrù Bàbá sínú àpótí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a kó sínú ọkọ̀, à ń lọ sí Òde Ugbò níbi tí wọ́n á ti wọ ọkọ̀ ńlá. Màmá mi wà níwájú, èmi àti Bàbá wà láàárín pẹ̀lú àpótí, ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn nínú aṣọ funfun tó fi sítáàṣì sí, ó ń tọ́ ọkọ̀. Bàbá ò gbà kí wọ́n gbé òun bí ẹrù, ó mú àjẹ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí a dé ibi tí odò ti yí kọ̀rọ̀, ó ti àjẹ̀ bomi, ó fi eyín mú orí rẹ̀. Mo rò pé ó ń dágbére fún àwọn ẹja ni. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mi ò fẹ́ wò ó.

Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó wá nàka sí abẹ́ ẹ̀gbà.

“Ẹ́ńjìnnì ń bọ̀,” ó ní.

Gbogbo wa tẹ́tí. Ẹyẹ ń dún, omi ń lu ọkọ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Ẹ̀gbọ́n ní, “Bàbá ò kàn fẹ́ lọ ni. Ẹ máa wà á.” Ṣùgbọ́n màmá mi ti gbọ́ràn sí ọwọ́ yẹn láti kékeré, ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ lójú nítorí ọwọ́ yẹn. Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ki àjẹ̀ bomi, ó yí orí ọkọ̀ sí abẹ́ ẹ̀gbà, ó di gbòǹgbò mú. Ẹ̀gbọ́n ń kùn. Ó ní a máa pẹ́. Ó ní ta ni òun fẹ́ sọ fún pé igi ló dá òun dúró lọ́nà. Ó ṣì ń sọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí àwa náà wá gbọ́ ọ, gbùùùù, láti ẹ̀yìn kọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ náà yọ. Ó tóbi, pákó kún inú rẹ̀ dé ẹnu, àárín odò gan-an níbi tí à bá wà ló sì gbà kọjá. Ìgbì rẹ̀ gbé wa sókè, ó sọ wá mọ́ gbòǹgbò, ó da omi lé ẹ̀gbọ́n lórí láti òkè délẹ̀. Sítáàṣì tán lára aṣọ. Ẹ̀rín ń gbọ̀n mí, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Nígbà tí omi rọlẹ̀, ẹ̀gbọ́n kò nu ojú. Ó rápálá gun àpótí kọjá, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó tẹ àgbọ̀n tó ń kán omi mọ́ ara àjẹ̀ náà.

“Bàbá,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká relé.”

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. A yí ọkọ̀ padà, a kọrin délé. Bàbá lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún sí i lórí omi, pẹ̀lú àjẹ̀ kúkúrú kan tí kì í fi wakọ̀, tó jẹ́ pé gbígbọ́ nìkan ló wà fún. Kò sí ọkọ̀ tó bá a lójijì mọ́.

Tíṣà wa kan, tó wá láti òkè, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nígbà tó yá, pẹ̀lú ìdùnnú tó pọ̀ ju tiwa lọ. Ó ní gbígbọ̀n ni ohùn, pé ohunkóhun tó bá lè gbọ̀n lè gbé ohùn rìn. Ó ní nǹkan kékeré kan tó rí bí ìkarahun ìgbín wà lọ́hùn-ún nínú egungun orí wa, òun gan-an ló ń gbọ́, ihò etí wulẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tí ohùn ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Ti Bàbá, ọ̀nà ló dí, ilé ò bàjẹ́. Eyín sì lẹ̀ mọ́ egungun, ohùn kàn gba ẹ̀bùrú wọlé. Ó tún ní omi ń gbé ohùn sáré ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì ń gbé e jìnnà, ìdí nìyẹn tí Bàbá fi gbọ́ ẹ́ńjìnnì kí àwa tí etí wa pé tó gbọ́ ọ. Ẹ lè dán an wò. Ẹ fi ìka di etí yín méjèèjì, ẹ fi eyín mú ṣíbí onírin, kí ẹnì kan wá fi ṣíbí mìíràn kàn án jẹ́jẹ́. Ẹ ó rí i pé mi ò purọ́.

Mahintedo ni mò ń gbé báyìí. Ẹ̀rọ ló ń fi ibi tí ẹja wà han àwọn apẹja wa lónìí, tàwọ̀-tàwọ̀ lójú gíláàsì, ẹ́ńjìnnì ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lórí omi. Mo máa ń ṣàárò ìdákẹ́jẹ́ yẹn, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ á dúró nítorí ọwọ́ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n mi ò ní í bá yín ṣépè lé ayé òde òní, nítorí ó ti ṣe mí lóore. Etí tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í di lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi á ti ilé ìwé dé, á jókòó tì mí, á máa ro ẹjọ́, èmi á sì máa wo ẹnu rẹ̀, màá máa rẹ́rìn-ín síbi tí kò sí ẹ̀rín. Mo rí i pé ó ti ń dákẹ́.

Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní inú lọ́hùn-ún dáa, ọ̀nà ló dí. Mo ní, “Mo mọ̀.” Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí kì í wọ inú etí rárá, ó fi í mọ́ egungun ẹ̀yìn etí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ohùn á ṣe máa gba inú egungun kọjá. Ẹ̀rín pa mí. Ó rò pé ẹ̀rọ náà ló ń rin mí. Ọmọ ọmọ mi wá tẹ̀ síwájú, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Màmá, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?”

Mo fẹ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá ló jáde lẹ́nu mi.

“Ohùn rẹ ti dàgbà.”